Ẹsẹ̀ Dúró, Ọwọ́ Mọ: Ohun tí a Kọ́ ní Ìdí Kẹ̀kẹ́ Amọ̀kòkò



   Ìbà àwọn tí ó kọ́ wa. Ìbà àwọn ìyá tí ó mọ ìkòkò tí a fi mu omi kí a tó mọ ohun tí ọpọ́n jẹ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọdún ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìkọ́ṣẹ́ awo, ó dá wa lójú pé wọ́n ń retí kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀pẹ̀lẹ̀. A kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láti orí amọ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní èṣí, lẹ́yìn tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, a lọ kọ́ṣẹ́ ìkòkò mímọ lórí kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ yí. Ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ ni a fẹ́ rò fún yín, nítorí pé ó kan gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́, ó sì kan ẹni tí ó ń kọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó gbé wa dé ẹbu

Gbogbo yín mọ̀ pé kò sí ilé òrìṣà tí kò ní ìkòkò. Omi Ọ̀ṣun ń bẹ nínú orù. Ota Èyìnlé ń bẹ nínú àwo rẹ̀. Àgbo ọmọ tuntun ń bẹ nínú ìkòkò àgbo. Ní Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa, ìyá kan wà láyé àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àbátàn. Àwo ota Èyìnlé tí ó ń mọ lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà nì, Robert Farris Thompson, fi kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí babaláwo bá ń ka Ifá, tí kò sí amọ̀kòkò, nínú kí ni yóò po àgbo sí?

Ní àdúgbò tiwa, ìyá àgbà kan ni ó ń mọ ìkòkò fún ilé awo. Ìyá náà ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ta aṣọ, òmíràn ń tún fóònù ṣe, ẹnì kan kò sì jogún iṣẹ́ ìyá. Nígbà tí ìkòkò àgbo wa fọ́, ọjà mẹ́ta ni a ná kiri; ike àti agolo ni a bá níbẹ̀. Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ fún wa pé ọ̀dọ́bìnrin kan, tí ó kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ti da ẹbu sílẹ̀ lẹ́bàá odò lẹ́yìn ìlú.

A bá a ní ẹbu rẹ̀ lórí ìjókòó pákó, ó ń ta kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní ohun ìyanu kankan lára. Férémù igi ni, ọ̀pá irin kan dúró gbọnrangandan láàárín rẹ̀, béàrìn sì wà lókè àti nísàlẹ̀ kí ọ̀pá náà lè yí geerege. Àwo pẹrẹsẹ kékeré kan wà ní orí ọ̀pá náà, ibẹ̀ ni amọ̀ ń jókòó. Àwo ńlá tí a fi sìmẹ́ǹtì dà wà ní ìdí rẹ̀, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin méjì kò fi lè gbé e láìmí gúlegúle. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó fi ń ti àwo ìsàlẹ̀ yìí síwájú, tí àwo òkè sì ń yí. A bi í léèrè ìdí tí kò fi lo èyí tí ń lo iná mànàmáná. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá ń dúró de iná, ebi ni yóò pa mí. Ẹsẹ̀ tèmi kì í lọ láìdágbére."

Kí a tó pa obì jẹ tán, ó ti mọ orù kan níṣojú wa. A ní, "Ọmọ wa, iṣẹ́ yìí mà rọrùn o." Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó nu ìjókòó, ó ní, "Ẹ jókòó, bàbá." A jókòó. A ta kẹ̀kẹ́, a fọwọ́ kan amọ̀. Amọ̀ náà fò kúrò lórí àwo, ó sì bà wá láyà gbàù. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà náà. Ó kàn bu òmíràn fún wa.

Báyìí ni a ṣe di ọmọ iṣẹ́, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí a lè bí ní àbígbẹ̀yìn.

Ọ̀nà àwọn ìyá wa, àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́

Kí ọmọdé má baà rò pé kẹ̀kẹ́ ni a fi ń mọ ìkòkò nílẹ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Àwọn ìyá wa, àwọn ọmọ Ìyá Mọpó, kò lo kẹ̀kẹ́. Ìyá yóò da ojú ìkòkò ògbólógbòó délẹ̀, yóò wọ́n eérú sí i lára kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì tẹ́ amọ̀ lé e. Nígbà tí ó bá gbẹ díẹ̀, yóò yọ ọ́, yóò wá máa fi okùn amọ̀ lé okùn amọ̀ títí yóò fi dé ọrùn. Ìkòkò kì í yí. Ìyá ni ó ń yí ìkòkò ká. Ní ẹbu Dada ní Ìlọrin, àwọn obìnrin ti ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò láti ìran dé ìran.

Kẹ̀kẹ́ àfẹsẹ̀yí wá gba ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1952 ni ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Abuja àtijọ́, èyí tí a ń pè ní Suleja lónìí. Michael Cardew, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá a sílẹ̀. Òun náà ní olùkọ́ tirẹ̀: ọ̀dọ̀ Bernard Leach ní St Ives ni ó ti lọ kọ́ṣẹ́ ní 1923, Leach sì ti kọ́ tirẹ̀ ní ilẹ̀ Japan. Ẹ rí i pé oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ló ní ẹni tí ó ń júbà. Ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n ń sun ìkòkò nínú ààrò tí ooru rẹ̀ ju ìwọ̀n Celsius 1,200 lọ, nígbà tí iná gbangba àwọn ìyá wa kì í sábà kọjá 900. Wọ́n ń fi eérú àti òkúta lílọ̀ kun ara ìkòkò, iná á sì sọ ọ́ di ohun tí ń dán bí dígí.

Àwọn ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1954, Ladi Kwali wọlé tọ̀ wọ́n, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ladi Kwali kì í ṣe aláìmọ̀kan nígbà tí ó wọlé. Ọmọ Gwari ni, láti ìlú Kwali. Ó ti di ọ̀gá nínú ìkòkò àfọwọ́mọ, àwọn ìkòkò rẹ̀ ti wà láàfin ọba Abuja kí Cardew tó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó jókòó ti kẹ̀kẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, ó sì kọ́ ọ. Kò tìtorí rẹ̀ sọ ti ilé wọn nù: àwọn ìkòkò omi ńláńlá tí ó sọ ọ́ di olókìkí, ọwọ́ ni ó ṣì fi ń mọ wọ́n, tí ó ń rìn yí wọn ká. Ní 1977, ilé ẹ̀kọ́ gíga Ahmadu Bello ní Zaria fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ẹni tí ó bá ní 20 náírà lápò, kí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ìyá náà àti ìkòkò rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.

Ọ̀gá tí ó ti mọ tirẹ̀ tán, tí ó tún jókòó bí ọmọ iṣẹ́. Ìyẹn ni ó ń wá sí wa lọ́kàn ní gbogbo ọjọ́ tí amọ̀ bá tún fò kúrò lọ́wọ́ wa.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀dọ́bìnrin yìí kò jẹ́ kí a tún fẹsẹ̀ kan kẹ̀kẹ́. Amọ̀ ni a ń tọ́jú. A ń sá a, a ń lù ú kúná, a ń rẹ ẹ́ sómi, a ń sẹ́ ẹ kí òkúta àti gbòǹgbò kúrò, a sì ń pò ó lórí pákó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá sá pamọ́ sínú amọ̀, yóò ta ọwọ́ dànù nígbà tí ara ìkòkò bá ń gòkè. Ẹ̀yìn ń dùn wá. A ń sọ nínú ọkàn wa pé, àwa tí a ti ń dÍfá láti ìgbà èwe, ẹrẹ̀ ni a wá ń pò kiri.

Lẹ́yìn náà ni a wá dé orí kẹ̀kẹ́. Ìpele àkọ́kọ́ ni kí amọ̀ jókòó sí àárín gbùngbùn. Bí ó bá fi ìwọ̀nba ìka kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ìkòkò ni yóò máa mì; apá kan rẹ̀ á nípọn, apá kejì á fẹ́lẹ́, yóò sì wó. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá lókè tí yóò tún ìyẹn ṣe. A rò pé agbára apá ni a fi ń mú amọ̀ wá sáàárín. Ó ní rárá. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí a fi ti itan, kí ọwọ́ má ṣe mì. Kí a má ṣe lé amọ̀ kiri, kí a dúró sójú kan, kí amọ̀ fúnra rẹ̀ yí wá bá wa.

Ibi tí a ti jìyà jù lọ wá ni ti ẹsẹ̀. A ń ta kẹ̀kẹ́, a sì ń tẹ amọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹsẹ̀ bá ń ta, ìbàdí ń mì. Bí ìbàdí bá ń mì, ọwọ́ kò lè dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ dá ẹsẹ̀ dúró kí ẹ tó fọwọ́ kàn án." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ ta àwo ìsàlẹ̀ títí yóò fi yí kíkankíkan. Nítorí ìwúwo rẹ̀, yóò máa yí lọ fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àkókò díẹ̀ yẹn ni ọwọ́ ní láti ṣiṣẹ́. Bí eré rẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀, a ó gbé ọwọ́ kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ó tún ta á. Ẹsẹ̀ ń kó agbára jọ, ọwọ́ ń ná an. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ papọ̀.

A gbọ́ ọ, ó yé wa, a kò sì lè ṣe é. Ẹ̀yin ará, èyí ni ohun tí àgbà máa ń gbàgbé: pé kí ọ̀rọ̀ yé ni, kí ara gbọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, a kà á pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún ni ó sọ gbólóhùn yẹn fún wa. Ẹ̀ẹ̀kẹrìnlélógún dà bí ẹ̀ẹ̀kìn-ín-ní lẹ́nu rẹ̀. Kò pòṣé. Kò wo ojú ọ̀run. Kò sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bá wa parí rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí amọ̀ tó jókòó sáàárín fún wa láìmì. Nígbà náà ni ó tó kọ́ wa bí a ti ń fi àtàǹpàkò ṣí i láàárín, tí a ó dá ìdí rẹ̀ sí kí ó nípọn tó, tí a ó sì tẹ ìdí náà mọ́lẹ̀ dáadáa kí ó má baà sán nígbà tí ó bá ń gbẹ. Ọwọ́ òsì á wọ inú, ọ̀tún á wà lóde, àwọn méjèèjì á fún amọ̀ láàárín, wọn á sì jọ máa gòkè láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu. Nígbà tí a mọ abọ́ àkọ́kọ́ tí ó dúró, inú wa dùn dé góńgó. Ó mú wáyà tín-ín-rín, ó sì gé abọ́ náà sí méjì láti ẹnu dé ìdí. Ó ní kí a wo inú ògiri rẹ̀: òkè fẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ nípọn bí ìgbátí. Ojú òde ń tàn wá, inú ni ó sọ òtítọ́.

Ọmọ tí a lé lọ

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ẹnu wa lónìí. A kò sọ ọ́ ní gbangba rí.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ni ó mú un wá nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. A jí i, a rán an, kì í kọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè mọ Ìrosùn yàtọ̀ sí Ọ̀wọ́nrín. Ẹ̀yin awo mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n, tí a bá yí i lórí kodò: Ìrosùn ní ọ̀kan ọ̀kan lókè, méjì méjì nísàlẹ̀, Ọ̀wọ́nrín ní méjì méjì lókè, ọ̀kan ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí a bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lélẹ̀, yóò pe ọ̀kan ní èkejì. Ọdún mẹ́ta gbáko. A kígbe mọ́ ọn. A pè é ní olódo níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A ní, "Ṣé kò yé ọ ni?" Ó ní, "Ó yé mi, bàbá." A ní irọ́ ni ó ń pa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a ní kí ó di ẹrù rẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ìdí kẹ̀kẹ́ yẹn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ láyà wa, a wo ẹ̀yìn, a sì rí ọmọ náà. Kò purọ́ fún wa. Ó yé e lóòótọ́. Ara rẹ̀ ni kò tíì gbọ́. Ó ń ta kẹ̀kẹ́, ó sì ń tẹ amọ̀, nítorí pé ìbẹ̀rù igbe wa kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

Gbogbo yín mọ ìtàn Àjàlá tí ń mọ orí ní ọ̀run. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan kánjú wọlé, wọ́n gbé orí tí ó dára lójú, òjò sì pa orí náà, ó ṣí wọn lórí kí wọ́n tó dé ayé. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ni ó fara balẹ̀, ó gba ìmọ̀ràn, ó sì gbé èyí tí ó jiná. Ìgbà gbogbo tí a bá sọ ìtàn yìí, ẹni tí ó yan orí ni a máa ń bá wí. Ta ni ó bá Àjàlá wí? Ọwọ́ rẹ̀ ni ó mọ èyí tí kò jiná. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ nílé awo, Àjàlá kékeré ni wá. Bí orí tí ó ti ọwọ́ wa jáde bá yọ́ sínú òjò, kí a má ṣe bá òjò jà.

Ohun tí a fi ń bẹ̀ yín

Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ má ṣe kánjú ṣí amọ̀ tí kò tíì dé àárín. A ń rí àwọn tí ó tẹfá lónìí, tí wọ́n fẹ́ kí a máa pè wọ́n ní babaláwo kí oṣù tó lé. Iyẹ̀ròsùn tí ẹ ń gbá, ẹní tí ẹ ń tẹ́, ojú odù mẹ́rìndínlógún tí ẹ ń kà lójoojúmọ́, ẹrẹ̀ pípò ni. Láìsí i, òde yóò dára, inú yóò nípọn níbi kan, yóò fẹ́lẹ́ níbòmíràn, wáyà yóò sì gé e lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin àgbà ẹlẹgbẹ́ wa, ìkọ́ṣẹ́ gígùn kò ṣeé gé kúrú. Ṣùgbọ́n igbe kì í mú amọ̀ wá sáàárín. Ẹni tí ó ń kọ́ni ni ó yẹ kí ó dúró sójú kan, kí ọmọ lè yí wá bá a. Ẹ lọ kọ́ nǹkan kan tí ẹ kò mọ̀: ẹ lọ hun aṣọ, ẹ lọ lu agogo, ẹ jẹ́ kí ọmọdé kọ́ yín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a máa ra ìkòkò wa lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣì ń mọ ọ́n, kí a sì fi ọmọbìnrin méjì láti ilé wa lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ́bìnrin yìí ni ó mọ ìkòkò àgbo wa tuntun. Kò fi kẹ̀kẹ́ mọ ọ́n. Ó ní èyí tí yóò jókòó lórí ààrò gbọ́dọ̀ ní ìdí róbótó, kí a sì lọ àpáàdì mọ́ amọ̀ rẹ̀ kí iná má baà là á. Nítorí náà, ó dẹ ọwọ́ lé e bí ìyá àgbà ti ń ṣe. Orù omi ni ó fi kẹ̀kẹ́ mọ. Kẹ̀kẹ́ kò lé ọwọ́ jáde nílé.

Nígbà tí a sun abọ́ tiwa tán, èyí kan ṣoṣo tí kò fọ́ nínú iná, a gbé e dání lọ sí ilé ìyá ọmọkùnrin yẹn. Ọmọ náà ti dàgbà. Iṣẹ́ wáyà iná ni ó ń ṣe báyìí. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. A ní, "Ọmọ wa, a ṣẹ̀ ọ́. Kì í ṣe ìwọ ni kò gbọ́n." Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó gba abọ́ náà, ó yí i wò, ó ní, "Bàbá, ó wọ́ sápá kan." A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ́." Ìgbà náà ni ó rẹ́rìn-ín.

Kò tíì padà wá kọ́ Ifá, a kò sì fi ipá mú un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tí ó kọjá, ó wá, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ balẹ̀, a bojú wò ó. Ètè rẹ̀ ń mì. Ọ̀wọ́nrín ni, Ọ̀wọ́nrín náà ni ó pè é.

Ifá á jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa dúró kí ọwọ́ wa lè mọ. Ohun tí a bá mọ kò ní yọ́ sínú òjò. Ọdún á yabo, ẹ̀mí á tún ṣe púpọ̀ rẹ̀.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.